Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Ọmọ Mi Ni

Ara mi kì í gbé ojú kan. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń sọ pé bí wọ́n bá so mí mọ́ àga, èmi àti àga la jọ máa jáde nílé. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe jẹ́ tí mo fi lo bí ọdún kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, tí mò ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù sórí òṣùwọ̀n, tí mò ń fi téèpù lẹ páálí, tí mò ń fi máàkà dúdú kọ "Mushin" àti "Bódìjà" sára àpò, láìgba kọ́bọ̀. Èmi gan-an ṣì ń bi ara mi.

Mummy ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe ìyá tó bí mi o. Ará Ìbàdàn ni, alhaja tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mummy. Kágò ló ń ṣe. Àwọn èèyàn wa á kó dúrọ́ọ̀mù àti Ghana-must-go wá, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wá, òun á wọ̀n ọ́n, á fi ránṣẹ́ sílé. Ó ní ibi ìkẹ́rùsí kékeré kan ní Nathan Way, ibẹ̀ ni kọ̀ntéénà ti ń wá kó wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Tọ́sìdè. Kò bímọ. Kò sì fi pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Ọlọ́hun ò fún mi láti inú, ó fún mi láti ìta." Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èmi ni ti ìta tó kàn.

Obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí ló mú mi lọ bá a, nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi tí onílé mi ní òun fẹ́ gba yàrá òun. Mummy háyà yàrá ẹ̀yìn fún mi nílé ẹ̀ ní Thamesmead. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àìsàn fi gbé mi dè. Mi ò lè gbórí sókè. Obìnrin yìí fi táwẹ́ẹ̀lì àti omi gbígbóná jó mi lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ aṣọ tí mo bì sí, kò sì fi mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí mo dìde, mo ní kí n lọ bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, kí n fi dúpẹ́. Sátidé yẹn ò tán mọ́. Ó di Mọ́ńdè, ó di Túsìdè, ó di gbogbo ọjọ́ yàtọ̀ sí Sọ́ńdè.

Bẹ́ẹ̀ mo ní ohun tó ń lé mi. Físà tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ gbà mí láàyè láti ṣe iṣẹ́ yòówù, àmọ́ kó tó tán, mo gbọ́dọ̀ rí ilé iṣẹ́ tó máa fọwọ́ sí ìwé mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé yá. Ó ku oṣù mọ́kànlá. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún mi ò ju gbígbálẹ̀ lọ, ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá Harrow Manorway, wákàtí méjì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí mo bá parí ìyẹn, mo ti sá wọ bọ́ọ̀sì, ó di Woolwich. Mo máa ń rìn débi pé ìsàlẹ̀ bàtà mi kò pé oṣù mẹ́ta rí. Èèyàn tó bá rí mi á rò pé mo ń lọ síbì kan.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan ni obìnrin ìjọba wá. Lẹ́tà ti kọ́kọ́ wá, Mummy sì ti tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Òyìnbó ni obìnrin náà, ó ti dàgbà díẹ̀, ó wọ kóòtù òjò aláwọ̀ ewé, ó gbé káàdì kọ́rùn, ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ dání. Ó ní òun wá láti ọ́fíìsì tó ń ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ní gbogbo ìlú, pé kọ̀ǹpútà ló mú ilé wa, kì í ṣe pé a ṣẹ̀. Ó ní ẹnì kan lè dáhùn fún gbogbo ilé. Mummy ní kó jókòó, ó po tíì fún un, ó gbé míìtì páì tì í. Èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń fọ ìkòkò, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹni mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?"

"Èmi àti ọmọ mi."

"Ọmọ yín obìnrin?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ síbi ìkòkò. Ta ni ò ní rẹ́rìn-ín? Ó dùn mọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ló máa gbé gbogbo èyí tó kù gba ọ̀nà ibòmíì.

"Lọ́sẹ̀ tó parí lónìí, ǹjẹ́ ọmọ yín ṣe iṣẹ́ kankan, bó jẹ́ wákàtí kan péré?"

"Wákàtí kan kẹ̀! Ọmọ yìí kì í jókòó. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ mẹ́fà. Ṣé ó lè tó wákàtí márùndínláàádọ́ta? Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ ń sanwó fún un?"

Mummy rẹ́rìn-ín débi pé ife tíì mì. "Ta ló ń san owó oṣù fún ọmọ ẹ̀?"

"Ṣé ó ní iṣẹ́ mìíràn?"

"Ó ń gbálẹ̀ níbì kan, wákàtí mẹ́fà. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

Ẹ gbọ́ mi o. Èyí tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́, èyí tí wọn ò sanwó ẹ̀ niṣẹ́. Mo dá omi dúró kí n lè gbọ́ dáadáa.

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ǹjẹ́ ó wá iṣẹ́ mìíràn?"

"Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Kí ló fẹ́ máa wáṣẹ́ kiri fún, nígbà tí mo wà láyé?"

"Ṣé yóò fẹ́ kí wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ jù báyìí lọ?"

"Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Mo lè jáde. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni láti ibi síǹkì dé pálọ̀. Àmọ́ àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ló sì fi ń sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ jáde wá sọ? Pé irọ́ ni? Mo di ìkòkò mú, mo ń fọ ibi tó ti mọ́.

Nígbà tí obìnrin náà dìde, mo wọ kóòtù, mo ní kí n sìn ín dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù. Ẹnu yà á. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò sìn ín rí. Atẹ́gùn Thamesmead ń fẹ́ láti orí omi wá, a ń rìn kánkán, mo sì ń da ìbéèrè bò ó. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń kà á.

Kò fi falẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó gbowó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí kò ṣe wákàtí kan, àmọ́ tó ti wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni aláìríṣẹ́. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tí kò sì wá a, wọn ò kà á mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kọ tiwọn sí lọ́tọ̀. Ó ní àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí iṣẹ́ wọn ò kún wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fẹ́ wákàtí sí i, tí wọ́n sì lè tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń ka àwọn yẹn náà.

"Èmi ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìyá yín ní ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìbátan ẹ̀, bí kò tiẹ̀ gbowó, òṣìṣẹ́ ni. Iṣẹ́ yín sì kún."

"Tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í bá ṣe ìbátan èèyàn rárá ńkọ́?"

Ó dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní ìyẹn á yí ọ̀rọ̀ padà, wákàtí mẹ́fà tí mo ń gbálẹ̀ nìkan ló máa kù. Ó ní òun ò lè bi èèyàn ní ìbéèrè ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, ohun tí wọ́n bá sọ nílé lòun ń kọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, ẹnì kan á pè wá lórí fóònù, á tún béèrè, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa béèrè lápapọ̀. "Nígbà yẹn, ẹ fẹnu ara yín dáhùn." Ó ní ohun tí a bá sọ ò ní dé ọ́fíìsì ìjọba mìíràn. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fa ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kiri ọ́fíìsì, ìbéèrè yẹn ò fi mí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo jókòó sórí àga ọ̀gá kan, mo ṣí fóònù mi, mo wá ìgbà tí mo kọ̀wé wáṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ méje. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ la. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń bi mí láti Ìjẹ̀bú-Òde pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Ojoojúmọ́ ni mò ń fèsì pé, "Mò ń wá a, ẹ máa bá mi ṣàdúà." Irọ́ ni mò ń pa. Mummy ò purọ́ fún obìnrin ìjọba lórí ìyẹn o! Mi ò wáṣẹ́. Mo kàn ń rìn kiri ni.

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mò ń kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mò ń kọ ọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mò ń fẹ̀yìn ti dúrọ́ọ̀mù kọ ọ́ ní Nathan Way. Mummy á pè, "Kí lo ń tẹ̀ nínú fóònù yẹn?" Màá ní, "Ìyá mi ni, Mummy." Mo ti purọ́ fún ìyá mi, ó wá kan Mummy.

Ilé iṣẹ́ kan dáhùn. Àwọn ni wọ́n ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó, wọ́n ń wá ẹni tó máa tò ó pé ta ló ń lọ sí ibo àti ìgbà wo. Wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé físà. Wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Woolwich, aago mọ́kànlá, lọ́jọ́ Tọ́sìdè. Tọ́sìdè kọ̀ntéénà! Mo fò sókè, mo tún jókòó.

Lálẹ́ Wẹ́sìdè, bí a ṣe ń jẹun, mo ní, "Mummy, mo fẹ́ dé ibì kan lọ́la."

"Ọ̀la tí kọ̀ntéénà ń bọ̀? Ibo nìyẹn?"

Ẹnu mi ò gbà á. "Eyín ló ń dùn mí. Mo fẹ́ lọ rí dókítà eyín."

Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Pẹ̀lẹ́. Ṣé ò lè fara dà á di Fúráìdè? Èmi nìkan ò lè kó o tán."

"Mo lè fara dà á, Mummy."

Ní aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì, mò ń yí dúrọ́ọ̀mù ní Nathan Way. Mo ti fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Mo gbá dúrọ́ọ̀mù kan nípàá, èékánná ẹsẹ̀ mi sì fò yọ. Mo sunkún, mo ní ẹsẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó dè mí. Èmi ni mo fi okùn di ara mi lọ́wọ́, tí mo wá ń bínú sí ẹni ẹlẹ́ni. Oṣù mẹ́jọ ló kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá pé. Ọ̀sán Túsìdè ni, kò sí oníbàárà kankan, Mummy ń fi téèpù lẹ páálí kan. Fóònù ẹ̀ dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta nítorí ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀. Ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀ tutù. Mummy dáhùn tiẹ̀ kíá, ó ní, "Ọmọ mi wà níbí, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Ó ti fóònù sí mi lórí òṣùwọ̀n.

"Nígbà tó kọjá," ọkùnrin náà ní, "wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá yín, láìgbowó. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí?"

Mummy ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbátan yín ló ni ṣọ́ọ̀bù náà?"

Ní ilé wa, wọn kì í dáhùn irú ìbéèrè yẹn ní "rárá" lójú ẹni tó fọ èébì ẹni. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì tún mọ̀ pé bí mo bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," màá máa lẹ páálí títí físà á fi tán, gbogbo ìwé á sì máa sọ pé iṣẹ́ mi kún. Mo wo máàkà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Rárá," ni mo wí. "Kì í ṣe ìbátan mi. Mo háyà yàrá nílé wọn ni."

Téèpù tó ń dún ṣàáà lọ́wọ́ Mummy dákẹ́.

"Wákàtí mélòó lẹ gbowó fún lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Mẹ́fà."

"Ṣé ẹ máa fẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ǹjẹ́ ẹ wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi mọ́kànlá."

Mummy yí orí sí mi. Mi ò wò ó.

"Tí ẹ bá rí iṣẹ́ náà, ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?"

Mo la ẹnu. Mo ń wo àwọn páálí tó tò dé òrùlé, mo ń ro pé ta ló máa kọ orúkọ sára wọn, ta ló máa yí dúrọ́ọ̀mù. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mummy ti kẹ̀yìn sí mi padà, ó tún ti fa téèpù.

"Sọ fún un pé Mọ́ńdè," ni Mummy wí.

Ohun tí mo sọ fún un náà nìyẹn.

A tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Eyín ò dùn ẹ́ lọ́jọ́sí, àbí?"

"Rárá, Mummy. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ò wú." Ó wo ojú fèrèsé. "O ò bá sọ fún mi. Ṣé màá jẹ ẹ́ ni?"

"Ojú yín ló ń tì mí."

"Ojú mi," ó ní. "Ojú ọkùnrin tó wà nínú fóònù ò wá tì ẹ́."

Òótọ́ ni.

Ní Mọ́ńdè, ó ti gba ẹnì kan sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sanwó fún un. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn, mo sọ òótọ́ ìdí tí mi ò fi wá, wọ́n ní kí n wá. Kò ju oṣù kan lọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi. Mo sáré wá sọ fún Mummy, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà gígùn fún mi, mo ń ṣe àmín. Ó ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ò ṣe mọ́: kò pè mí ní ọmọ mi. Orúkọ mi ló ń pè, bí àwọn ará ọ́fíìsì ṣe ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá mìíràn tún pé. Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn tútù yẹn ní pálọ̀.

"Ẹni mélòó ló ń gbé nínú ilé?"

"Èmi nìkan," Mummy ní. "Àti ayálégbé kan."

"Ṣé ìbátan yín ni ayálégbé náà?"

"Rárá o. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Mummy gbójú sókè, ó rí mi. Kò yí ohùn padà, kò sì bínú. Ó ní, "Ó ti dé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀," ó na fóònù sí mi, ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ kaná.

Ọkùnrin náà bi mí, mo dáhùn. Wákàtí mélòó? Márùndínlógójì. Ṣé wọ́n ń sanwó ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mò ń wá òmíràn? Rárá. Ṣé mo fẹ́ wákàtí sí i? Rárá. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sí ẹyọ irọ́ kan nínú ìwé ìjọba nípa ilé wa mọ́. Mo di fóònù mú ṣinṣin, mò ń retí kó tún béèrè ẹ̀ẹ̀kan sí i, pé ta ni obìnrin yìí jẹ́ sí mi. Ó ní ó parí, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.